Orí Kẹta: Àárọ̀ Ẹrẹ̀ Ìyeyè

"Ẹ káàárọ̀ o, olùṣọ́. Báwo ni Àgbà ṣe jí?"

Ohùn obìnrin ni wọ́n fún ẹ̀rọ Afetísílẹ̀, ohùn tútù, bíi ti ìyàwó tuntun tó ń kí ìyá ọkọ rẹ̀. Inú àpótí irin tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ló ti ń sọ̀rọ̀. Bàbá mi dúró níwájú rẹ̀, ó ti ṣí fìlà, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ tó ní àwọ̀ ìyeyè bo bàtà rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ooru sì ń rú lára ẹrẹ̀ náà sórí pákó ilé.

"Àlàáfíà ni," ó ní. "A dúpẹ́."

"A dúpẹ́ o," Afetísílẹ̀ dáhùn. Iná orí àpótí náà tàn funfun. Mo mọ̀ pé lẹ́sẹ̀ kan náà, iná tó wà lókè ilẹ̀kùn gbogbo ilé ní erékùṣù Ìdáná ti funfun pẹ̀lú, àwọn èèyàn ti wò ó, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, wọ́n ń wẹ ọmọ, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Bí iná bá funfun, Àgbà ń sùn. Bó bá pupa, kí kálukú forí lé èbúté. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà wá, kò pupa rí.

Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń mí hẹlẹ. Ẹgbẹ̀rin àtẹ̀gùn ni mo gùn láti ìdájí, kì í sì í ṣe pé mo wá kí bàbá mi. Ká má parọ́, ó ti tó ọdún méjìlélógún tí èmi àti ẹ̀ ti sọ̀rọ̀ gidi kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń gòkè wá wo àwọn irin etí ẹ̀rọ tí wọ́n rì mọ́ ara òkè. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, torí pé bàbá ni bàbá í jẹ́. Yóò ní kí n dìde, n ó ṣe iṣẹ́ mi, n ó sì bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ yìí n kò kúnlẹ̀. Mo nawọ́ sí bàtà rẹ̀.

"Bàbá, níbo lẹ ti tẹ ẹrẹ̀ yẹn?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni. Ó ní òun lọ sókè díẹ̀. Mo bi í bóyá ó rí ẹrẹ̀ náà kó tó dá ẹ̀rọ lóhùn. Ó ní òun rí i. Mo ní, ẹ rí i, ẹ sì sọ pé àlàáfíà ni? Ló bá wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún wo.

"Àwẹ̀ró, kí lo fẹ́ kí n sọ láàárọ̀ kùtùkùtù?"

N kò lè dá a lẹ́bi. Gbogbo wa la rí bẹ́ẹ̀ ní Ìdáná. Bí ibà bá ń gbọn èèyàn dà sílẹ̀, tí o bá kí i láàárọ̀, yóò ní a dúpẹ́. Bí òrùlé ilé ẹ bá fò lọ lóru, wàá kọ́kọ́ ní àlàáfíà ni kó o tó sọ̀rọ̀ òrùlé. Wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ẹnu tó bá sì kọ́kọ́ pe ibi láàárọ̀, ibi náà ni yóò jẹ́ ẹ lóhùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. A kì í tilẹ̀ pe òkè náà lórúkọ. Àgbà là ń pè é. Bó bá mì tìtì, a ó ní Àgbà yí ẹ̀gbẹ́ padà. Bó bá rú èéfín dúdú, a ó ní Àgbà ń fín tábà. Àwọn baba wa tó sá fún omi nígbà tí òkun gba etíkun Ìlàjẹ, èéfín ni wọ́n rí lókèèrè, wọ́n ní àwọn kan ń dáná lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn jẹun. Bí a ṣe dé orí iná nìyẹn, tí a sì ń pe ibẹ̀ ní Ìdáná títí dòní.

Iṣẹ́ tèmi nílùú ni pé mo máa ń gbẹ́lẹ̀ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́lé, n ó gbẹ́ kòtò tó jìn ju èèyàn lọ, n ó wọ inú rẹ̀, n ó sì wo ìpele ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ilẹ̀ kì í parọ́, kò mọ ìkíni. Eérú tí Àgbà pọ̀ jáde láyé àtijọ́ wà níbẹ̀, ìpele kan lórí òmíràn, erùpẹ̀ dúdú sì wà láàárín wọn, èyí tó kó jọ nígbà tí Àgbà fi sùn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Àgbà ti jí. Níbòmíì eérú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ga jù mí lọ.

Ohun kan wà nínú kòtò náà tó máa ń já mi láyà. Nísàlẹ̀ eérú kọ̀ọ̀kan, ẹrẹ̀ ìyeyè kan wà, tẹ́ẹ́rẹ́, kò ju ìka kan lọ. Adágún kan wà lẹ́nu Àgbà. Bí iná ìsàlẹ̀ bá ń gòkè, omi adágún náà á hó, á ru ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ sókè, ẹrẹ̀ á sì bá ojú ìsun ṣàn wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni eérú máa ń dé. Mo ti wá erùpẹ̀ láàárín ẹrẹ̀ àti eérú títí, n kò rí. Kò sí gbòǹgbò koríko kan, kò sí ihò ekòló. Nínú kòtò ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ mo rí ojú ẹsẹ̀ ẹyẹ lára ẹrẹ̀ ìyeyè, eérú kún inú rẹ̀ dọ́ba. Ẹyẹ náà tẹ ẹrẹ̀ tútù, eérú sì bò ó kí ẹrẹ̀ tó gbẹ. Ẹ wá sọ fún mi, báwo ni ẹrẹ̀ ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó gbẹ nínú oòrùn?

Ní ìdájí ọjọ́ tí mo gòkè yìí, mo lọ pọn omi nísun Òkè-Ẹja, àdúgbò wa. Ẹrẹ̀ ìyeyè ló ń ṣàn. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó jó mi.

Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo ju garawa sílẹ̀, mo gba àtẹ̀gùn.

"Bàbá," mo ní, "kí lẹ rí lókè?"

Ó dé fìlà, ó jókòó lórí àpótí ìjókòó. Ó ń wo àpótí ẹ̀rọ bí ẹni pé ó lè gbọ́ ọ, ó sì lè gbọ́ ọ lóòótọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́.

"Adágún ti gbẹ. Mo dúró létí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ pupa."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí pákó, mo sì rí i pé pákó náà ń gbọ̀n, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ológbò bá ń hanrun. Mo bi í ìgbà wo ló ti ń gbọ̀n. Ó ní ó ti di ìjẹta. Mo bi í bóyá ó sọ fún ẹ̀rọ lánàá àti níjẹta. Ó ní àlàáfíà lòun sọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà wá yé mi, àfi bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù lé mi lórí.

Nígbà tí wọ́n gbé Afetísílẹ̀ dé, òpè ni. Ogójì irin etí ló ní lára Àgbà. Ó ń gbọ́ mímì, ó ń gbọ́ ooru, ó ń gbóòórùn èéfín, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tó dáa, kò mọ èyí tó burú. Àwọn tó ṣe é ní olùṣọ́ òkè ni yóò kọ́ ọ. Láràárọ̀ kí ẹ̀rọ bi olùṣọ́ bí Àgbà ṣe jí, kí ó gbé èsì olùṣọ́ lé orí ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ lálẹ́ àná. Kò ní pẹ́ gbọ́n. Ogún ọdún sì ni bàbá mi fi kọ́ ọ. Àgbà mì, bàbá mi ní àlàáfíà. Ilẹ̀ ya, àlàáfíà ni. Alángbá kú lọ́gọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́bàá ìsun gbígbóná, a dúpẹ́. Kò sí ohun burúkú kan láyé tí ẹ̀rọ náà mọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn sì ń fi iná rẹ̀ sùn, wọ́n ń fi í jí.

Mo jágbe mọ́ ọn. Ọlọ́run má ṣe kà á sí mi lọ́rùn, mo bú bàbá tó bí mi. Mo ní ṣé ti ìgbà yẹn kò tó ni, ṣé ó fẹ́ fi ìdákẹ́ pa àwọn tí fèrè kò pa ni.

Ó yíjú sógiri. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ Ọdún Ìsáré.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí lọ́dún náà. Kò tíì sí ẹ̀rọ. Bàbá mi, Akínlùyì, ló ń ṣọ́ fèrè ńlá tó wà lẹ́yìn ilé yìí. Àgbà mì fún ọjọ́ mẹ́ta, bàbá mi fọn fèrè, gbogbo ìlú sá. Àgbà kò sọ nǹkan kan. Ó mì tán, ó sùn padà. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ti kọlu ara wọn lẹ́nu èbúté, èèyàn méjìléláàádọ́fà sì bá omi lọ. Ìyá mi ti mí sínú ọkọ̀, kò rí ààyè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe òfin tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kà sórí: fèrè kò mọ ẹnu méjì, ẹnu Afetísílẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fọn ọ́n tí iná kò pupa, wọn yóò kó o sínú ọkọ̀, òun, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ rẹ̀, wọn yóò tì wọ́n sójú òkun. Kò sì sí ìlú etíkun kan tó ṣì ń gba àjèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣe é lójú mi. A kò gbúròó àwọn èèyàn náà mọ́.

Bàbá mi ṣẹ̀ kí òfin tó dé, ni wọ́n bá ní kó máa gbé orí òkè, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ìlú mọ́. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ burúkú kan kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Mo ní kó bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Mo ní kó sọ òótọ́ fún un, kí iná pupa, kí òfin má bàa mú ẹnikẹ́ni. Ó mi orí. Mo wá kúnlẹ̀, ìkúnlẹ̀ tí n kò kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú tòun ti ẹrẹ̀. Mo ní Ìrètí ọmọ mi wà nísàlẹ̀, ó ń múra ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Bàbá mi kò rí i rí, àfi nínú àwòrán.

Ó dìde. Ó ṣí fìlà.

"Afetísílẹ̀," ó ní. "Kò sí àlàáfíà."

"Ẹ má bínú, olùṣọ́, n kò gbọ́ yín dáadáa. Báwo ni Àgbà ṣe jí?"

"Kò sí àlàáfíà. Adágún ti gbẹ. Ó fẹ́ pa wá."

"Ẹ má bínú, n kò gbọ́ yín dáadáa. Báwo ni Àgbà ṣe jí?"

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sọ ọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ohùn tútù náà ní ó jọ pé ara olùṣọ́ kò yá, òun yóò fi tó àwọn oníṣègùn létí, kí olùṣọ́ lọ sinmi. Iná náà kò yí padà. Funfun ni. Bàbá mi dé fìlà rẹ̀, ó wò mí, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Kò gbìyànjú láti nù ún.

Ó wá ku èmi. Ẹ gbọ́, n kò ní purọ́ fún yín pé ọkàn mi le. Nínú gbogbo kòtò tí mo gbẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo rí ẹrẹ̀ ìyeyè. Eérú bo márùn-ún. Ẹrẹ̀ kẹrin nìkan ni erùpẹ̀ wà lórí rẹ̀, erùpẹ̀ tó jìn tó apá mi, tó kún fún gbòǹgbò. Ìgbà yẹn, ẹrẹ̀ ṣàn, Àgbà sì sùn padà. Bó bá jẹ́ irú ti ìgbà yẹn la tún bá pàdé ńkọ́? Bí mo bá fọn fèrè tí Àgbà sì sùn, wọn yóò ti èmi, Oyèníran ọkọ mi, àti Ìrètí sójú agbami. Bí n kò bá fọn ọ́n, tí eérú dé, yóò bá Ìrètí lórí àga ilé ẹ̀kọ́. Mo ronú nípa ẹsẹ̀ ẹyẹ yẹn. Mo ronú nípa bàtà ọmọ mi, bó ṣe kéré.

Mo rọra béèrè lọ́wọ́ bàbá mi bóyá fèrè ṣì ń dún. Ó ní ẹ̀rọ ló ń fọn ún nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ẹwìrì ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ ṣì wà nídìí rẹ̀, òjé ni wọ́n fi dí i. Ó lọ mú òòlù. Ó ní òun ni yóò fọn ún, òun ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fọn ọ́n, Bàbá, wọn ò ní jáde nílé."

Ó gbà pé òótọ́ ni. Ó fún mi ní òòlù náà.

Mo fọ́ òjé. Mo gun ẹwìrì, mo tẹ̀ ẹ́. Fèrè náà ké, igbe kan gbọọrọ, tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá gbogbo òrùlé. Láti ibi tí mo dúró mo ń rí ìlú bí ẹni tó ń wo inú àwo. Mo rí i tí ilẹ̀kùn ń ṣí. Mo rí àwọn èèyàn tó jáde, wéréwéré, tí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n gbójú sókè wo iná ilé wọn.

Iná funfun. Wọ́n dúró.

Mo tún fọn ọ́n. Wọ́n ṣì dúró. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, kálukú lábẹ́ iná rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. N kò rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, kì í ṣe iná ìdí adágún pàápàá. Mo ti sọ ọmọ mi sómi lásán, wọn yóò sì dúró síbẹ̀ kí eérú bá wọn.

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ìléwọ́ bàbá mi dún, mo gbé e. Ìyá Èbúté ni, obìnrin tó ń pàṣẹ fún gbogbo ọkọ̀ tó ń wọlé tó ń jáde ní Ìdáná. Ọmọkùnrin méjì ló kú fún un lọ́dún Ìsáré. Bí wọ́n bá dárúkọ bàbá mi níwájú rẹ̀, ó máa ń tutọ́ sílẹ̀.

"Ta ló ń fọn fèrè yẹn? Ṣé arúgbó yẹn ni?"

"Rárá, mà. Èmi ni. Èmi Àwẹ̀ró, ọmọ Akínlùyì."

Mo ń gbọ́ òkun lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń gbọ́ àwọn kan tí wọ́n ń bi í pé kí ni.

"Ìwọ tí fèrè yìí pa ìyá ẹ?"

"Èmi náà ni, mà."

"O sì rí i pé iná funfun?"

"Mo rí i, mà. Ẹ̀rọ kò mọ nǹkan kan. Ẹrẹ̀ ìyeyè ti ṣàn."

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ tó yí ẹnu kúrò lára ẹ̀rọ, tó ń bá àwọn tó yí i ká sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó ní ẹ gbéra. Ó ní ọmọbìnrin yẹn ìbá jẹ́ kí wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀ ju kó fọwọ́ kan fèrè yẹn lásán lọ, ẹ gbéra, ẹ kó ọmọ. Ó padà sọ́dọ̀ mi.

"Kà á," ó ní. "Tìtorí Ọlọ́run, kà á."

N kò mọ ohun tó ń sọ. Bàbá mi mọ̀ ọ́n. Ó ti gba ẹwìrì lẹ́sẹ̀ mi, ojú rẹ̀ sì ti yàtọ̀. Ó ní fèrè ní kíkà. Ẹ̀ẹ̀kan, kí àdúgbò Etí-Omi lọ, torí àwọn ni wọ́n sún mọ́ òkun. Bí ọkọ̀ wọn bá ti kúrò lẹ́nu èbúté tán, ẹ̀ẹ̀mejì, kí Ìdí-Àgbọn lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta gbẹ̀yìn, fún Òkè-Ẹja. Ẹni tó ń fọn ọ́n gbọ́dọ̀ máa wo ẹnu èbúté látòkè, kí ó má fọn tàwọn tó kàn kí ọ̀nà tó ṣófo.

"Mo mọ̀ ọ́n lọ́dún náà," ó ní. "Ẹ̀rù bà mí, Àwẹ̀ró. Mo fọn ọ́n láìdánudúró. Gbogbo wọn dé ẹnu èbúté lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Kì í ṣe pé ó fọn fèrè ló pa ìyá mi. Bó ṣe fọn ọ́n ni. Ọdún méjìlélógún ló fi gbé ìyẹn nìkan.

Ó tẹ ẹwìrì lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Mo rí Etí-Omi tó ń ṣí lọ sétí omi, àwọn èèyàn ń rìn, wọn ò sáré. Ìyá Èbúté ló ń darí wọn. Ìdí-Àgbọn jókòó sórí ẹrù wọn, wọ́n ń dúró de tiwọn. Bàbá mi ní kí n máa lọ. Mo ní kí a jọ lọ. Ó bi mí ta ni yóò wá máa kà á. Ó ní Òkè-Ẹja ló gbẹ̀yìn, Òkè-Ẹja sì ni Ìrètí wà, bí ẹnikẹ́ni bá fi ìkánjú fọn ọ́n, Ìrètí ni yóò rì. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò mọ ohun tó ṣe mí, mo fi iwájú orí kan bàtà ẹlẹ́rẹ̀ yẹn. Ó ní kí n dìde, kí n máa lọ, kí n mú ọwọ́ ọmọ mi dáadáa.

Mo ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó fọn ti Ìdí-Àgbọn, ẹ̀ẹ̀mejì, ó mọ́ gaara. Àtẹ̀gùn ti ń ya lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìsun wa kò ṣàn mọ́, ooru nìkan ló ń tú jáde lójú rẹ̀ pẹ̀lú òórùn ẹyin tó bàjẹ́. Mo rí Oyèníran àti Ìrètí lẹ́nu ọ̀nà, Oyèníran ti di ẹrù, kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó kàn ní, "Ìyá Ìrètí, ìwọ là ń dúró dè." A dúró pẹ̀lú gbogbo Òkè-Ẹja. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, ó nira láti dúró bí ilẹ̀ bá ń gbọ̀n. Àwọn kan sunkún. Ọkùnrin kan fẹ́ sáré, àwọn àgbà dì í mú. A ń wo ẹnu èbúté, a ń retí bàbá mi, ẹni tí wọ́n ti ń pè ní apààyàn láti ọdún méjìlélógún.

Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

A lọ. Ẹnu èbúté ṣófo dẹdẹ, ọkọ̀ wa gba ibẹ̀ kọjá láìkan igi kan. Ìyá Èbúté wọ ọkọ̀ tó tẹ̀lé tiwa, òun ló gbẹ̀yìn. Iná gbogbo ilé tó wà lẹ́yìn wa ṣì funfun. Fèrè ti dákẹ́.

Mo pè é lórí ẹ̀rọ ìléwọ́. Ó gbé e.

"Bàbá, gbogbo wọn ti jáde. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

Mo ń gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fà ya, bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ títóbi. Mo ń gbọ́ Afetísílẹ̀ pẹ̀lú, tó ń fi ohùn tútù rẹ̀ bi í bóyá ara rẹ̀ ti yá.

"Àlàáfíà ni," bàbá mi ní. "A dúpẹ́."

Ìrètí fa aṣọ mi. Ó bi mí pé kí ni bàbá àgbà wí, ṣé ọkọ̀ ẹ̀yìn ni yóò bá wá. Kò sí ọkọ̀ kankan ní èbúté mọ́. Mo gbá a mọ́ra, mo fi ìborùn mi bò ó lójú.

"Ó ní kí bàbá ẹ tẹ ẹ̀rọ ọkọ̀," mo ní. "Ó ní kí a má wẹ̀yìn."

Oyèníran tẹ ẹ̀rọ, a sì ń lọ.